Bakitéríà oníyẹ̀fun, ìgbẹ́ màlúù àbí olú: èwo ni kí aláró Àjàṣẹ́ rà?

Bí ẹ ṣe máa tún omi aró tí ẹ ti lò ṣe kí ẹ tó dà á nù la ń sọ. Bó bá jẹ́ aró ẹ̀lú nìkan lẹ ń re, ì báà jẹ́ ti ewé tàbí ti ilé iṣẹ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ̀lú tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn kì í yọ́ sómi mọ́. Ẹ da omi náà sí àgbá tó ṣí sílẹ̀, ẹ rò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kó tòrò mọ́jú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró á wà nísàlẹ̀. Sódà ṣì wà nínú omi òkè o, ẹ má dà á sí ọ̀sà bẹ́ẹ̀.

Aró pupa, ọsàn àti yẹ́lò ọjà ló ń fẹ́ kòkòrò àìfojúrí. Àzò ni púpọ̀ nínú wọn: náítírójìn méjì tó so pọ̀ ló gbé àwọ̀ wọn ró. Bí bakitéríà bá já ìsopọ̀ yẹn níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, àwọ̀ á lọ, ámáìnì, ìyẹn àwọn ègé aró tó já, á ṣẹ́ kù, májèlé sì ni àwọn kan nínú ámáìnì. Nítorí náà, omi mímọ́ gaara tí ọlọ́jà gbé sínú gíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ dà á sínú abọ́ fífẹ̀, kó sùn síta. Bó bá di rúsúrúsú, ámáìnì ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá sì yí padà, ìyẹn nìkan kò tó.

Oníyẹ̀fun wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti wọ̀n, ó sì ń tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oòrùn ilé ìtajà lè ti pa á kó tó dé ọwọ́ yín, aró mìíràn sì lè ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ìgbẹ́ màlúù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná yín ní kọ́bọ̀ ní Kétu àti Ṣábẹ: ẹ pò ó mọ́mi, ẹ fi lítà 10 sí 20 sínú àgbá onílítà 200, kí ẹ máa fi omi aró kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó lè mọ̀ ọ́n. Òun la máa yàn fún ilé aró kékeré. Púpọ̀ nínú olú tó ń hù lára igi ní lákéèsì, ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń tú nǹkan palẹ̀) tí kì í sábà bí ámáìnì. Ó kàn jẹ́ pé omi kíkan, pH (òṣùwọ̀n kíkan omi) 4 sí 5, ló ń fẹ́. Nínú omi ìdọ̀tí gbogboogbò, bakitéríà á borí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Èyí tó wù kí ẹ rà nínú bakitéríà, àgbá méjì ni. Àkọ́kọ́ pa mọ́, pẹ̀lú rọ́bà tó tẹ orí bọ ìgò omi kí gáàsì lè jáde. Omidùn ògì dára gan-an níbẹ̀: ó ń fa sódà wálẹ̀, ó sì ń bọ́ kòkòrò. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi bébà wọn pH títí yóò fi wà láàárín 7 sí 8. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, ẹ gbé e lọ sí àgbá kejì, níbi tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn olómi-ẹja á ti máa fẹ́ ẹ. Ọlọ́jà tí kò mẹ́nu ba àgbá kejì, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìgò onílítà kan mẹ́ta tí omi aró wà nínú wọn dán an wò fún wákàtí 72: ọ̀kan láìsí ọjà náà, ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, ìkẹta pẹ̀lú èyí tí ẹ ti sè fún ìṣẹ́jú 20. Bí ti sísè náà bá mọ́, aró kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára ni, kò já. Bí èyí tí kò ní nǹkan kan bá mọ́, haidrosọ́fáìtì (èròjà tí ẹ fi ń yọ́ ẹ̀lú) tó ṣẹ́ kù ló pa àwọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rò omi náà sí afẹ́fẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Haidrosọ́fáìtì yìí náà lè fa òórùn ẹyin jíjẹrà nínú àgbá àkọ́kọ́. Gáàsì yẹn ń pa ènìyàn, ẹ má kì orí bọ̀ ọ́. Bí iyọ̀ inú omi bá ju gíráàmù 30 lọ nínú lítà kan, bakitéríà lásán á rọ: ẹ fi omi tí ẹ fi ṣan aṣọ là á.