Ìwé ìbí ọmọ wa n'Ílúu Ọba: ó tètè dé, àmọ́ kì í ṣe páálí ọmọ onílùú o

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun níbí, ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ GRO (General Register Office) ṣe rí lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìbí ní England àti Wales. Ìwé kékeré nìkan la gbà nígbà tá a forúkọ ọmọ wa sílẹ̀ lọ́dún 2013. Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí ẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sórúkọ bàbá, kò sí ti ìyá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù fọ́mọ, èyí tó ní orúkọ òbí ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ mú wá.

Orí sáìtì ìjọba ni mo ti béèrè fún èyí tó ní orúkọ òbí yẹn, £12.50 ni. Wọ́n bi mí ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an, ibi tí wọ́n bí i sí àti sọ́nẹ́ẹ̀mù ìyàwó mi kó tó wọlé ọkọ, mo kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, mo sanwó, póòsì sì gbé e wá bá mi nílé. Orúkọ wa pé pérépéré, àfi pé kò lámì ohùn, ta ló tiẹ̀ ń retí ìyẹn lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fáwọn sáìtì aládàáni tó máa ń yọjú lórí Google, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà fún nǹkan tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé téèyàn bá ti bímọ sí London, ọmọ ti di ọmọ onílùú nìyẹn. Ó ti tán láti January 1, 1983! Àfi kí bàbá tàbí ìyá ti jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí kó ti ní ìńdẹ́fínìtì, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ìlú láìní gbèdéke, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Físà sitúdẹ́ǹtì lèmi wà nígbà yẹn, ìyàwó mi wà lábẹ́ físà mi, torí náà ọmọ wa ò di ọmọ onílùú lọ́jọ́ tá a bí i. Kẹ́ ẹ tún wá wo ìsàlẹ̀ ìwé yẹn, wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà síbẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí ẹni téèyàn jẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Ó kúkú bọ́gbọ́n mu, kò ní fọ́tò, ẹlòmíì sì lè sanwó gba tiyín.

Ti Nàìjíríà ló wá yà mí lẹ́nu. Abala 25 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà tọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà. Torí náà ìwé òyìnbó yìí ló fi hàn pé tiwa lọmọ, kò sì sọ ọ́ di tiwọn.

Nígbà tó pé ọdún 10 la tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti di ọmọ Ìlú Ọba, torí ọmọ tí wọ́n bí síbí tó sì gbé ibí fún ọdún 10 àkọ́kọ́ ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, físà yòówù kóbìí ẹ̀ ní. Form T ni wọ́n ń kọ. Ìwé ìbí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lẹ́tà iléèwé àti ti dókítà ló ṣiṣẹ́ jù, torí àwọn ló fi hàn pé ọmọ ò kúrò nílùú, ẹ má da ìkankan nù o.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan torí bébà nìkan ni, kò sí èyí tẹ́ ẹ lè dà sórí fóònù, tó bá sì sọnù owó míì ni. Ẹ kúkú gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà.