Ihò Egungun Naracoorte: Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Mi Kò Ṣòfò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Adelaide, ní Australia, tẹ́ ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ lásìkò ọlidé, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì Victoria Fossil Cave, ihò tí egungun àwọn ẹranko àtijọ́ pọ̀ sí, ní Naracoorte. Ọ̀nà jìn o, ó lé ní 300 kìlómítà.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọn kò hú gbogbo egungun ibẹ̀ kúrò. Ọdún 1969 ni Rod Wells àti Grant Gartrell rá gba ojú ihò tóóró dé yàrá tí egungun náà wà, egungun ṣì wà nínú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ títí dòní. Láyé ijọ́hun, òkè ihò náà dá lu. Ẹran tó bá gbabẹ̀ kọjá á já sínú ihò, kò ní rọ́nà jáde mọ́, àgbàrá á sì wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Eyín ni ẹni tó mú wa yíká fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Thylacoleo, ẹranko tó ti run, tí wọ́n ń pè ní kìnnìún alápò (torí inú àpò ikùn ni ìyá ti ń gbé ọmọ, bíi ti kangarúù), ìbátan wombat àti koala ni, àwọn ẹranko Australia tó jẹ́ pé ewé àti koríko ni wọ́n ń jẹ. Kò ní eyín ajá gígùn bíi ti kìnnìún gidi. Eyín iwájú ló fi ń gún ẹran, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn, ó sì mú bérébéré, èékánná ńlá tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ ló sì fi ń di ẹran mú. Richard Owen, onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1859, ní apanijẹ ni. Àwọn kan ta kò ó, wọ́n ní eléwé ni, torí ẹbí tó ti wá. Bí ojú eyín náà ṣe jẹ ló parí ẹjọ́: ẹran ló ń jẹ.

Kangarúù olójú kúkúrú náà wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú ẹbí wọn, Procoptodon, tó bíi 230 kìlógíráàmù, ọmọ ìka kan ṣoṣo ló sì wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ kan ní ńṣe ló ń rìn, pé kò fò. Kangarúù tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ bíi bàbá onílé tó fẹ́ gbowó!

Diprotodon, ẹranko alápò tó jẹ́ ìbátan wombat, ló tóbi ju gbogbo wọn lọ, ó tó 2,700 kìlógíráàmù, ṣùgbọ́n Lake Callabonna, adágún kan lápá àríwá, ni ìtàn tirẹ̀ ti dùn jù. Ẹrẹ̀ ló mú wọn níbẹ̀, wọ́n sì bá egungun ọmọ níbi tí àpò ìyá wà.

Ẹ mú súwẹ́tà dání, 17°C ni inú ihò máa ń wà lọ́dún yípo. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wọ ihò kẹ́ ẹ tó dé Wonambi Fossil Centre, torí bí àwọn ọmọ bá ti rí àwọn ère ẹranko tó ń mira níbẹ̀, wọn kò ní fẹ́ kúrò.