Bọ́kẹ́ẹ̀tì eléyín: ohun tójú mi rí lọ́wọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn l'Old Kent Road

Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kejì ni, aago méje ààbọ̀ àárọ̀, òtútù yẹn kì í ṣe kékeré. Kátápílà tó máa walẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Lọ́ńdọ̀nù dé. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó kí mi, àṣé ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Inú mi dùn. Kò pẹ́ sí i ni ọmọbìnrin awalẹ̀pìtàn tí ilé iṣẹ́ tí mo gbéṣẹ́ fún rán wá dé. Ó wo ẹnu kátápílà lẹ́ẹ̀kan, ó ní iṣẹ́ ò lè bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé? Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ léyín.

Mo rò pé àwàdà ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi walẹ̀, kí ló burú bó bá léyín? Ó ní aláìléyín làwọn máa ń lò, tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó sì gún régé, kó lè máa bó ilẹ̀ ní ìpele-ìpele. Pé eyín á ti fa gbogbo ẹ̀ ya kójú tó rí nǹkan kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọmọ Ìjẹ̀bú ń wí, "èyí tí wọ́n ní kí n gbé wá ni mo gbé wá." Mo pe ọ́fíìsì àwọn awalẹ̀pìtàn náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n dúró, ni orin bá ń dún sí mi létí fún ìṣẹ́jú 11, mo ṣọ́ aago. Ẹni kejì ní àwọn tó ni kátápílà ló jẹ̀bi. Ọ̀gá wọn ní ímeèlì ń bọ̀. Ó dé lóòótọ́ lọ́jọ́ kejì: ìwé owó ni! £480, fún ọjọ́ tẹ́nì kan ò fi abẹ́rẹ́ gún ilẹ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí. Káńsù fọwọ́ sí i, àmọ́ wọ́n ní àfi kí awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò, torí ojú ọ̀nà táwọn ará Róòmù gbà wọ Lọ́ńdọ̀nù láti Kent ni Old Kent Road jókòó lé. Láti 1990 ni ìjọba ibí ti gbé ìnáwó irú ẹ̀ ka ẹni tó fẹ́ kọ́lé lórí. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn ni wọ́n kan ìpìlẹ̀ Rose, ilé tíátà àtijọ́ kan, ní Southwark tí ṣọ́ọ̀bù mi wà yìí kan náà, táwọn òṣèré sì yarí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé pa á rẹ́. Èmi wá ń jẹ gbèsè ìjà tí mi ò bá wọn jà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aláìléyín dé. Ọmọbìnrin yẹn dúró létí yàrà, kò gbójú kúrò níbẹ̀. Bó bá ti na àtẹ́lẹwọ́, kátápílà á dúró. Á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á fi irin kékeré bí èyí tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri ha ilẹ̀ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́. Àwókù bíríkì ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ọ̀pá ìkòkò tábà funfun, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, àpáàdì kan, pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ti ayé àwọn ará Róòmù ni. Inú ẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn ẹ̀ rí háráhárá.

Ẹnu mi wọlé. Lágbolé wa n'Ífẹ̀, bójò bá dá, àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró, etí sókè, a máa yọ lójúde. Wọ́n ní Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin, ló ní kí wọ́n tò wọ́n. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ fi yàrá kún ilé, dígà ni wọ́n fi fọ́ ọ, èmi ni mo fi páànù rù ú dà nù. Bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé bákan náà ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ wọ̀nyẹn. Ọ̀kan wà ní British Museum, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìwé àbájáde tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méje ló gbà, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù sì tún ṣìnà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n káńsù gbà á, mo ti da kọnkéré.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. £480 mi ò tíì padà. Mo ti ń wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi fún rírà ṣá, mo sì ti sọ fún wọn pé ọmọbìnrin yẹn ni kí wọ́n rán sí mi.