Merriam-Webster lórí fóònù: bó ṣe ṣe sí "discombobulate"

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣe gbóná tó, kó má fi "table" dán an wò. Kó fi ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 14 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi àwàdà dá sílẹ̀ dán an wò: discombobulate. Ojú ewé ọ̀fẹ́ Merriam-Webster, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì la gbé yẹ̀ wò, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní dátà díẹ̀ lè ṣí ní àdúgbò Under-G láìsan kọ́bọ̀.

Wíwá a kò le. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí òkè. Bí ẹ bá tiẹ̀ jẹ "bu" àárín rẹ̀, tí ẹ kọ discombolate, yóò to àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú tiyín. Ẹ tẹ àwòrán gbohùngbohùn kékeré yẹn, ohùn èèyàn á pè é fún yín.

Ìlà ìpè rẹ̀ ló lè mú ọmọ Yorùbá ṣìnà: ˌdis-kəm-ˈbä-b(y)ə-ˌlāt. Ẹ má fi ojú àmì ohùn tiwa wò ó. Ìlà orí ā kì í ṣe ohùn àárín, ìró inú "late" ló ń tọ́ka sí. Ààmì òkè tó ṣáájú bä ń sọ pé ibẹ̀ ni stress, ìyẹn agbára ìpè, wà. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń sọ pé díẹ̀ ló wà lórí dis àti late. Tó bá jẹ́ WAEC lẹ́ ń gbáradì fún, disCOMbobulate kò gbà, discomBOBulate ni. Bä yẹn sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi "bá" tiwa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba ń pè é bíi "bọ́". Ìwé atúmọ̀ èdè Cambridge, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, gbé ohùn méjèèjì síbẹ̀. Tí ìdánwò Oral English bá ti wà níwájú, Merriam-Webster nìkan kò tó.

Upset, confuse: bí Merriam-Webster ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó parí. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà fún ẹni tó ń tú u sí Yorùbá. Ẹni tó bá di confuse mú ṣinṣin yóò kọ "orí mi dàrú", ẹni tó bá sì kà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò máa wá ibi tí wọ́n ti ń wo wèrè. "Ọkàn mi pòrúùru" náà kọ́: ìyẹn wúwo jù, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló yẹ. Rògbòdìyàn jẹ́ ti ìgboro, níbi tí èèyàn ti ń sá àsálà. Ọ̀rọ̀ tiwa tó sún mọ́ ọn jù ni ṣìbáṣìbo. Ẹ wo àlejò tó sọ̀ lórí ọ̀kadà ní Sábó lọ́jọ́ ọjà. Ó kọjú sí ọ̀nà kan, ó pa dà, ó bi ìyá alágbàdo pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà LAUTECH dà?" Ìyá nawọ́ sọ́tùn-ún, ó dúpẹ́, ó gba òsì lọ. Ṣìbáṣìbo ti bá a. Kò ya wèrè, kò sunkún, ẹni tó ń wò ó sì lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, upset àti confuse kò sì gbé e jáde. Cambridge kọ humorous sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Kékeré kọ́ nìyẹn, òun ló ń dá yín dúró kẹ́ ẹ má baà kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí registrar, tàbí sínú ìròyìn ìjà ìgboro.

Nípa lílò rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń wá àbọ̀ ni. "The new timetable discombobulated us" dára. "I was discombobulated by the new timetable" dára. "I discombobulate" láìsí àbọ̀ kò rìn, "I am discombobulating" náà kò túmọ̀ sí pé ṣìbáṣìbo bá yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń kó o bá ẹlòmíì.

Ní ti orírun, Merriam-Webster gbìyànjú: ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ discompose ni wọ́n yí. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gígùn tó jọ Látìn ṣe yẹ̀yẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ìró rẹ̀ ni wọ́n fi dá a lárà, bíi jágbajàgba tiwa. Kò sí combobulate tí ẹnikẹ́ni ń lò gan-an, ìdí nìyẹn tí pátákó Recombobulation Area, tí wọ́n gbé kọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Milwaukee ní 2008, fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín: nígbà náà, ibẹ̀ ni èrò ti ń wọ bàtà tí wọ́n sì ń de bẹ́líìtì pa dà lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Ìpolówó ọjà ló ba ojú ewé Merriam-Webster jẹ́. Ó ń ti àpẹẹrẹ gbólóhùn sísàlẹ̀, ó sì ń jẹ dátà. Àwọn gbólóhùn ìwé ìròyìn tó wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń ṣà wọ́n jọ, nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ gbára lé wọn. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún sípẹ́lì àti orírun, méjì àbọ̀ fún ìtumọ̀.