Rédíétọ̀ tó dí: ká fi omi fọ̀ ọ́ ni, àbí ká ṣí i?

Òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni rédíétọ̀ ọkọ̀, èyí tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀ bó bá ti dí. Ní títì Adó, gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn lè má mira rárá. Bí ọkọ̀ bá ti kọjú sókè báyìí, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Fífi omi fọ̀ ọ́ ló rọrùn jù, òun ni mo sì ń sọ fún èèyàn pé kó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ìdérí, torí omi gbígbóná lè fọ́n síni lójú. Ẹ yọ họ́ọ̀sì òkè àti tìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi omi gba ìsàlẹ̀ wọlé, kó jáde lókè. Ìdọ̀tí pupa tó ń jáde yẹn, ìpẹtà ni. Ẹ máa fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ gaara.

Bí omi tó ń jáde lókè bá ṣì ń kán tó-tó-tó, ó di ọwọ́ oníṣẹ́ rédíétọ̀. Á ṣí orí rẹ̀, á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti bàbà ló gba irú iṣẹ́ yìí. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù tó ní orí ike, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un, ó rọrùn láti lu. Ẹ kúkú ra òmíràn.