Láti Àkúrẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù: Tíkẹ́ẹ̀tì Tààrà àti Èyí Tó Ń Dúró Lọ́nà

Ẹ̀yin òbí ní Àkúrẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ wo ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi iye owó nìkan yan tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ òfurufú náà máa gbà kọjá pẹ̀lú.

Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ọkọ̀ tó bá lọ tààrà sì máa ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lójú ọ̀run. Ó ti pẹ́ tí British Airways àti Virgin Atlantic ti ń ná ọ̀nà yìí. Air Peace dara pọ̀ mọ́ wọn ní oṣù kẹta ọdún 2024, pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń dúró lọ́nà kò rí bákan náà rárá. Bí ẹ bá wọ Royal Air Maroc, ẹ ó fò tó 3,200 kìlómítà dé Casablanca ní Mòrókò, ẹ ó sì tún fò tó 2,100 dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti tààrà kò ju nǹkan bí 300 kìlómítà lọ, nítorí pé ojú ọ̀nà gan-an ni Mòrókò wà. Ti Ethiopian Airlines yàtọ̀: ìhà ìlà oòrùn ló kọ́kọ́ ń gbé èrò lọ, sí Addis Ababa, kó tó wá kọrí sí àríwá. Àròpọ̀ ìrìn náà sún mọ́ 9,800 kìlómítà, ó sì lé ní wákàtí méjìlá lójú ọ̀run, láìka àkókò tí ẹ máa fi jókòó dúró de ọkọ̀ kejì. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ni, tààrà ni mo fara mọ́, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le lè gba Casablanca, bí ìdúró ibẹ̀ kò bá pẹ́. Àfi bí ẹ̀dínwó Addis Ababa bá pọ̀ gan-an ni mo lè ní kí ẹnikẹ́ni rà á.

Ẹ ṣọ́ra fún aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù bá tiwa mu. Ní àwọn oṣù yòókù, ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ní oṣù kìíní, tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ gbéra ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, tó ní ẹ dé ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, máa dà bí wákàtí márùn-ún àbọ̀, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà àbọ̀ ni.

Ẹ ka ti Àkúrẹ́ mọ́ ọn. Láti pápákọ̀ òfurufú Ọ̀bà-Ilé sí Èkó kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ abẹ́lé ń gbà kéré sí ti òkè òkun, wọ́n sì lè gba owó lórí èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí yín. Ojú títì, yálà ẹ gba Ọrẹ̀ tàbí Iléṣà, lé ní 300 kìlómítà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra láàárọ̀ gbọ́dọ̀ sun Èkó mọ́jú, kí ó sì ka owó ibùsùn mọ́ iye tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá yan èyí tó ń dúró lọ́nà, ẹ rí i dájú pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ méjèèjì wà. Bí àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì lọ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò wá àyè mìíràn fún yín. Bí ẹ bá rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín ra òmíràn.