Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù ní Amẹ́ríkà: ti Reform àti ti Conservative

Ọjọ́ iṣẹ́ ni Sátidé, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù, nígbà kan ní Amẹ́ríkà. Júù tó bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń pàdánù. Reform, ẹ̀ka ẹ̀sìn Júù tó ń yí àṣà padà kó lè bá ìgbà mu, ò bá èyí jà. Wọ́n sún ìsìn sí alẹ́ Jímọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn tẹ́ńpìlì kan tilẹ̀ ń ṣe é ní Sọ́ńdè. Wọ́n gbé dùrù ńlá wọlé, ìwàásù sì di Gẹ̀ẹ́sì.

Conservative, ẹ̀ka tí kò fẹ́ yí àṣà padà tó ti Reform, fẹ́ di òfin Ọjọ́ Ìsinmi mú, èyí tó ka iṣẹ́, òwò àti wíwa mọ́tò léèwọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọ kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, sínágọ́gù sì jìnnà ju ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn. Ní 1950, ìgbìmọ̀ òfin wọn gbà kí wọ́n wa mọ́tò lọ sí sínágọ́gù nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́: ẹni tó ti tan mọ́tò láàárọ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi yà sọ́jà. Èyí tó bani nínú jẹ́ jù ni pé kò sídìí tí ará ìjọ fi gbọ́dọ̀ máa gbé nítòsí ara wọn mọ́. Oúnjẹ ọ̀sán tí aládùúgbò máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ jẹ nílé ara wọn, tó jẹ́ adùn ọjọ́ náà gan-an, wá ṣọ̀wọ́n.